Obìnrin Tó Kọ́ Mi Pé Kò Sẹ́ni Tó Ga Ju Òfin Lọ

Inú ilé ìdáná ìyá onílé mi ní Amẹ́ríkà ni mo ti kọ́kọ́ rí i tí wọ́n mú aláṣẹ jókòó, tí wọ́n ń bi í léèrè ohun tó ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà. Ẹ̀kọ́ nípa ètò ìjọba ni mo ń kọ́ ní yunifásítì kan, ní ìlú kékeré kan tí yìnyín máa ń bo ọ̀nà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Opó òyìnbó ni ìyá onílé mi. Ó ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìntì ní ilé ìkàwé ìlú náà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì ti kú sí ogun Vietnam. Fọ́tò ọmọ náà wà lára ògiri nínú aṣọ ológun, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dápàárá fún. Màmá ni mo máa ń pè é. Ó fẹ́ràn orúkọ náà, ó ní kò sẹ́ni tó ń pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lọ́dún yẹn, wọ́n ní àwọn èèyàn ààrẹ ìlú wọn lọ fọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alátakò, ààrẹ fúnra rẹ̀ sì ń bá wọn bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá gbé tẹlifíṣàn kékeré rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Bí mo bá ti dé láti kíláàsì, èmi náà á fa àga sún mọ́ ọn, a ó jọ máa bó ànàmá, a ó jọ máa wò wọ́n bí òógùn ṣe ń yọ lójú wọn.

Lọ́jọ́ kan, ó na ọ̀bẹ tó fi ń bó ànàmá sí ojú tẹlifíṣàn.

"Ṣé o rí wọn? Irú wọn ló pa ọmọ mi. Wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n ń parọ́ fún wa nípa ogun yẹn lọ́dọọdún. Irọ́ ló pa á, kì í ṣe ìbọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí wọ́n bi wọ́n. Ààrẹ o, agbálẹ̀ o, kò sẹ́ni tó ga ju òfin lọ ní ilẹ̀ yìí."

Ọjọ́ tí ààrẹ náà kọ̀wé fipò sílẹ̀, mo rò pé yóò pàtẹ́wọ́. Kò pàtẹ́wọ́. Ẹkún ló ń sun. Ó po tíì fún mi, ó gbé e síwájú mi, ó ní, "Ọmọ mi, má gbàgbé ohun tí o rí yìí. Gbé e lọ sílé."

Mo gbé e lọ sílé.

Ọdún tí sójà gbé ìjọba fún alágbádá ni mo padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn, nítorí ìwé òfin tuntun tí Nàìjíríà fẹ́ lò, ti Amẹ́ríkà ni wọ́n wò kọ ọ́. Lójú mi, ó dà bí ẹni pé ohun tí mo rí nínú ilé ìdáná yẹn ti ṣáájú mi dé ìlú mi. Ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin kan gbà mí láti máa kọ́ wọn nípa ìjọba. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú gbogbo sáà, mo máa ń ya ààrò mẹ́ta sójú pátákó, màá gbé ìkòkò lé e. Ààrò kan ni ààrẹ, ìkejì ni àwọn aṣòfin, ìkẹta ni ilé ẹjọ́.

"Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù," màá ní. "Bí ọ̀kan bá yẹ̀ ńkọ́?"

"Ọbẹ̀ á dànù, Mà!" Gbogbo kíláàsì á dáhùn.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fà kò ju Amẹ́ríkà lọ. Àwọn ọmọ náà sọ mí ní Àǹtí Amẹ́ríkà lẹ́yìn mi, mo gbọ́, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn tó sì ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òjò bá pa mí, màá sọ bí òjò ṣe ń rọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Èmi àti Màmá kò já ara wa sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń di bàìbàì, kò lè kọ lẹ́tà mọ́, nítorí náà ó ń sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó ń fi í ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Èmi náà á gbọ́ tán, màá fi tèmi ránṣẹ́ padà. Nínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ajá rẹ̀, mo máa ń gbọ́ bí omi ṣe ń hó lórí sítóòfù. Ó máa ń bi mí pé, "Báwo ni ìjọba yín tuntun? Ṣé ẹ ń bi wọ́n léèrè?"

Ó di ọdún 1983 kí n tó rí ohun gidi sọ fún un.

Kí n tó sọ ọ́, ó yẹ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Òun ló tọ́ mi. Bàbá wa kú nígbà tí mo ṣì wà ní ọmọ ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó lọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń la pákó, kí èmi lè kàwé. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ sí Amẹ́ríkà, òun ló sìn mí dé Ìkẹjà. Ó di gààrí sáàárín aṣọ mi, ó ní kí n má jẹ́ kí òyìnbó fi ebi pa mí. Nígbà tí mo máa fi padà dé, ó ti ní ilé ìlagi tirẹ̀ ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì ti di ẹni ńlá nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan ládùúgbò wa. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba iṣẹ́ tàbí tí ọlọ́pàá bá mú ọmọ ẹnì kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Kì í ṣahun oúnjẹ, kì í fajú ro, gbogbo ìlú ló fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà ìdìbò, àwọn tíṣà ni ìjọba fi ṣiṣẹ́. Wọ́n fi mí ṣe olórí ibùdó ìdìbò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Àwọn èèyàn ti tò sórí ìlà láti òwúrọ̀, àwọn ìyá arúgbó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ kékeré, wọ́n ń fi gèlé fẹ́ra. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wọ inú ọgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì tẹ̀ lé e.

"Àbúrò mi, o kú iṣẹ́," ó ní. "Ebi ò tíì pa ọ́? Ìyàwó mi ti ro ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀. Lọ jẹun, kí o sinmi díẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Tí a bá ka ìbò tán, màá wá jẹ ẹ́."

"Ìsinsìnyí ni mo ní kí o lọ jẹ ẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè kúrò nídìí àpótí yìí."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń sọ èdè tí kò yé e. Ó wá rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí tí àwọn aráàlú ti dìbò sí. Ó gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn. Àwọn méjì yẹn gbé òmíràn sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Mo pariwo. Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ gbójú sókè, ó ń wo igi máńgòrò. Àwọn tó wà lórí ìlà ń kùn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n mi jà? Ẹni tó gba ọmọ wọn sílẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá ni. Kí ó tó wọ ọkọ̀, ó yíjú sí mi, ó rọra sọ pé, "Wàá wá jẹ ẹ́ tó bá yá."

Ẹgbẹ́ kejì pẹjọ́. Lọ́yà wọn wá sílé mi, ó bi mí bóyá mo lè wá sọ ohun tí mo rí. Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó. Kí n tó dáhùn, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ìyá wa ní Ìbẹfun. Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Ẹni tó la pákó títí èékánná rẹ̀ fi bọ́ kí o lè kàwé," ni ìyá mi wí, "òun lo fẹ́ fà lé adájọ́ lọ́wọ́?"

"Mama, mi ò fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òtítọ́ ni wọ́n ní kí n wá sọ."

"Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣé wọn ò kọ́ ọ ní ìyẹn ní Amẹ́ríkà?"

"Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ààrẹ fúnra wọn jókòó síwájú àwọn aṣòfin, wọ́n sì sọ ohun tí ààrẹ ṣe."

Ìyá mi wò mí títí. "Ààrẹ yẹn," ó ní, "ṣé ìyá kan náà ló bí òun àti wọn?"

Síbẹ̀, mo lọ. Ní kóòtù, lọ́yà bi mí pé ta ló gbé àpótí náà. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ìlà iwájú nínú agbádá funfun. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni." Ariwo ta nínú kóòtù. Adájọ́ lu tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi kò wò mí. Ilẹ̀ ló ń wò, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ra nǹkan kan tí kò sí lórí sìmẹ́ńtì. Láti ọjọ́ náà lọ, kò pe orúkọ mi mọ́. Àwọn ìbátan wa ń kọjá níwájú ilé mi, wọn kì í yà. Lọ́jà, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí tutọ́ sílẹ̀, ó ní irú mi kọ́ ni àwọn fẹ́ bí.

Mo rò gbogbo rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, mo ń sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́. Èsì Màmá dé. Ó ní, "Ọmọ mi, mo ti gbé ohùn rẹ lọ sí ilé ìjọsìn wa, mo jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ ọ. Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi nìyí, ní Áfíríkà, tó sọ òtítọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ìwọ ni ọmọ Amẹ́ríkà tòótọ́. Bí a bá ní irú rẹ mẹ́wàá, ọmọkùnrin mi ì bá ṣì wà láàyè."

Mi ò mọ iye ìgbà tí mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Òun ni mo fi ń gbé oúnjẹ mì lọ́dún náà.

Ẹjọ́ náà kò tíì ní ìdájọ́ tí sójà fi gba ìjọba padà. Ọdún ló ń parí lọ, a ń múra ọdún tuntun, la bá gbọ́ orin ológun lórí rédíò. Wọ́n ní àwọn ti fi ìwé òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sí aṣòfin mọ́, kò sí ẹjọ́ ìdìbò mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn olóṣèlú. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹni tí wọn ì bá mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé ìròyìn nítorí ẹ̀rí tí mo jẹ́. Wọ́n wá mú un ní ilé ìlagi rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, èérún pákó ṣì wà lára irun rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé l'Abẹ́òkúta fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọn kò gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọn kò bi í ní ìbéèrè kan. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó ti ń fi ẹsẹ̀ kan wọ́lẹ̀, àwọn ẹ̀rọ ìlagi rẹ̀ sì ti dípẹtà.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí adájọ́ gbọ́ ẹjọ́, kó dá a. Mi ò fẹ́ fa ẹ̀gbọ́n mi lé sójà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ni màá ṣàlàyé ìyẹn fún? Nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ kí i, ìyàwó rẹ̀ gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọkọ òun ń sùn. Mo ń gbọ́ ìkọ́ rẹ̀ láti inú yàrá.

Mo padà sídìí pátákó mi. Ààrò mẹ́ta ṣì wà nínú ìwé tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìdánwò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààrò kan ṣoṣo ló kù nílùú, ìbọn ló sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra," ó ní. "Àwọn òbí kan ń sọ pé ẹ ń bú ìjọba."

"Ọ̀gá, mi ò dárúkọ ìjọba wa rárá. Ti Amẹ́ríkà ni mò ń kọ́ wọn."

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn."

Mi ò dẹ́kun. Mo ń sọ fún àwọn ọmọ náà pé bí tiwa ti dànù, ibì kan ṣì wà nílé ayé tí ìkòkò ti dúró sórí ààrò. Èmi fúnra mi nílò rẹ̀ ju àwọn ọmọ náà lọ. Bí kò bá sí irú ibẹ̀, kí ni mo wá fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe?

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, orí rédíò òkè òkun ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ààrẹ tó wà lórí oyè nígbà náà ń ta ohun ìjà ní bòókẹ́lẹ́ fún orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní ọ̀tá ní gbangba, wọ́n sì ń fi lára owó náà ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn lọ́wọ́, lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin ti ṣòfin pé wọn ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bí mi nínú, ṣùgbọ́n n kò bẹ̀rù. Mo mọ ohun tó kàn. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn aṣòfin ti fẹ́ pè wọ́n jókòó, mo wọ kíláàsì bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ. Wọ́n ti parọ́ o, ṣùgbọ́n wọ́n máa bi wọ́n. Ẹ ó rí i."

Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé nawọ́. "Mà, ṣé wọ́n máa tì wọ́n mọ́lé?"

"Ẹ ṣáà máa wò ó."

Oṣù keje ọdún 1987 ni, òjò ń rọ̀ gan-an n'Ìjẹ̀bú. Iná kì í sábà sí, mo ra bátìrì tuntun sí rédíò. Mo gbọ́ ohùn ọ̀gá ológun kan tí wọ́n pè. Mo ń retí ohùn ẹni tí ojú ń tì, irú èyí tí mo gbọ́ nínú ilé ìdáná yẹn. Ohùn yìí le koko. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun tan àwọn aṣòfin jẹ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun kó ìwé sínú ẹ̀rọ tó ń ya á sí wẹ́wẹ́. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka oríkì ara rẹ̀. Àwọn tó ń bi í léèrè ló wá ń kálòlò. Lẹ́yìn ìyẹn ni oníròyìn sọ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi òdòdó ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ti ń gẹrun bíi tirẹ̀.

Mo pa rédíò. Màmá ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, yéè, inú obìnrin yìí á ti bàjẹ́ tó! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ẹni tí wọ́n á jọ ṣọ̀fọ̀.

Ó dé ní ọjọ́ Sátidé kan. Ọkọ mi ń fá irùngbọ̀n ní ẹ̀yìnkùlé, mo ń já ẹ̀fọ́. Mo nu ọwọ́ mi, mo ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọnú ẹ̀rọ.

"Ọmọ mi," ni ohùn rẹ̀ wí, inú rẹ̀ sì ń dùn, "ṣé ìròyìn dé ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀? Mo wo ọkùnrin yẹn láti àárọ̀ títí dalẹ́. Nígbà tó nawọ́ sókè láti búra, nínú aṣọ ológun, pẹ̀lú gbogbo àmì ẹ̀yẹ yẹn láyà, ọmọ mi ni mo rí. Mo ní, bí ọmọ mi kò bá kú, bó ṣe máa rí nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó parọ́. Mo mọ̀ pé ó parọ́. Ṣùgbọ́n ó parọ́ nítorí ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn aṣòfin wọ̀nyẹn tó ń fìyà jẹ ẹ́, kí ni wọ́n mọ̀ nípa ogun? Mo fi òdòdó ránṣẹ́ sí i. Mo kọ sára rẹ̀ pé láti ọwọ́ ìyá ológun kan."

Ó wá ń sọ nípa tòmátò tó gbìn. Ọkọ mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan.

"Ṣé ìyá onílé rẹ nìyẹn?" ó bi mí.

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Mo gbìyànjú láti bínú sí i, kò kọ́kọ́ ṣeé ṣe. Mo rí fọ́tò ọmọ náà lára ògiri. Mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, pé ìyá tó ti sin ọmọ lè rí ojú rẹ̀ níbikíbi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ro ìyẹn tán, èmi náà á rí ojú ẹ̀gbọ́n mi ní kóòtù. Ẹni tó ní irọ́ ló pa ọmọ òun ló ń fi òdòdó fún irọ́ yìí. Ìbínú wá dé, ó sì jókòó.

Ó pẹ́ kí n tó dá a lóhùn. Mo ní, "Màmá, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe èrú nítorí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ ní mo ṣeun tí mo sọ òtítọ́. Òun náà rò pé nítorí ìlú rẹ̀ ni. Bí mo bá dákẹ́, òun ni ì bá sàn fún jù. Ẹ gbé ohùn mi lọ sílé ìjọsìn. Kí ló wá dé tí irọ́ tiyín fi di ohun mímọ́?"

Mo rò pé yóò sunkún, tàbí kó ní òun ò rò ó bẹ́ẹ̀. Èsì rẹ̀ kúrú. Ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, irú èyí tí èèyàn fi ń bá ọmọdé tó ń ṣàìsàn sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ọ̀nà rẹ jìn, kò lè yé ọ. Ti yín yàtọ̀ sí tiwa. Ẹ̀yin ní láti rọ̀ mọ́ òfin dáadáa, nítorí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Àwa ti mọ̀ ọ́n. Bí a bá yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀ nítorí ohun tó dára, a mọ ọ̀nà padà."

Bó ṣe parí ẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti wà nínú ilé ìdáná rẹ̀, mo rò pé ohun kan náà la jọ ń wò. Ó jọ pé ó ti ń wo tirẹ̀, ó sì ń wo èmi náà bí ọmọ ilé-ìwé tó ń gbìyànjú.

Nígbà tí a wọlé sáà tuntun, ọmọbìnrin ẹ̀bá fèrèsé yẹn kò gbàgbé.

"Mà, ti Amẹ́ríkà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti tì wọ́n mọ́lé?"

"Wọ́n ṣì ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò."

"Ààrẹ wọn ńkọ́, Mà? Kí ló wí?"

"Àwọn kan bi í nígbà wo ló fọwọ́ sí títa ohun ìjà náà. Ó ní òun kò rántí mọ́."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọn kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọmọ tó gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ náà máa ń wí ni. Wọ́n mọ irú èsì bẹ́ẹ̀ dáadáa, wọ́n ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Èmi nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ kí ìyá wa ní Ìbẹfun lẹ́yìn ìsìn. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ńṣì níwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún sórí àpótí. Láti bí ọdún mélòó kan, "ẹ káàsán" àti "òo" ni gbogbo ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ti fẹ́ wọlé nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Mo ka ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ nínú ìwé ìròyìn."

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ṣe é. Ó tọ́ sí yín."

"Jókòó." Mo jókòó. Ó ń wo ojú títì. "Nígbà tí mo wà ní àtìmọ́lé, mo máa ń gbàdúrà pé kí ọjọ́ kan dé tí wàá rí i pé kò sí ilẹ̀ tí wọn kì í ti í gbé àpótí. Mo rò pé inú mi máa dùn lọ́jọ́ náà."

"Inú yín ò wá dùn?"

"Kò dùn." Ó fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Ó pẹ́ tí èmi náà ti ń gba tìẹ gbọ́, mi ò kàn sọ fún ọ ni. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ibì kan wà nílé ayé tí irú ẹ̀rí tó o jẹ́ yẹn ti wúlò. Pé àbúrò mi kò ya wèrè. Pé ó ní ohun tí mo tìtorí ẹ̀ lọ ẹ̀wọ̀n. Ìyẹn ni mo fi ń sùn. Báyìí, kí ló kù?"

Mi ò tíì rí i kí ojú rẹ̀ rọ tó bẹ́ẹ̀, àní lọ́jọ́ tó sìn mí dé Ìkẹjà pàápàá. Ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu mi tí mi ò rò tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo sọ ní kóòtù, kì í ṣe Amẹ́ríkà ló ni ín. Ìjẹ̀bú ló ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ yẹn ló ni ín."

Ó tún wo ojú títì, ó ní, "Mi ò ní bẹ̀ ọ́ o."

"Mi ò ní kí ẹ bẹ̀ mí. Èmi náà ò sì ní sọ pé àṣìsọ ni mo sọ."

"Mo mọ̀."

Ìyá wa jáde sí wa, ó gbé omi dání. Ó wo àwa méjèèjì lórí bẹ́ńṣì kan. Ó ní òrùlé ẹ̀yìn ń jò sórí ibùsùn òun. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á gbé pákó wá ní ọ̀la.

Màmá kò fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ mọ́, èmi náà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Káàdì Kérésìmesì kan dé lọ́dún kejì, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá bi mí nípa rẹ̀ títí dòní, mo máa ń sọ pé obìnrin tó ṣe mí lóore ni, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Láàárín ọdún bíi mẹ́wàá tí mo ti padà dé, àwọn tó já mi kulẹ̀ pọ̀: àwọn olóṣèlú wa, àwọn sójà, ọlọ́pàá tó ń wo igi. Ṣùgbọ́n mi ò retí nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn yẹn. Òun nìkan ni mo gbọ́kàn lé.